Abẹ Búrẹ́mọ̀ àti Ẹ̀wà Ìbejì

Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí agbo ilé Onígbàjámọ̀ ní Ìgbó-Ọrà tí kì í ṣe abẹ ilé náà ló kọ́kọ́ kan orí rẹ̀. Bàbá Búrẹ́mọ̀ ló fá orí Búrẹ́mọ̀ àti ti Táíwò rẹ̀, èyí tí ikú mú lọ kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Búrẹ́mọ̀ alára ló fá orí àwọn ọmọ tirẹ̀, òun náà ló sì fá orí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn géńdé tí ń gun ọ̀kadà kọjá níwájú ilé, tí wọ́n ń tẹ fèrè kí i pé, "Bàbá Aliyyah, ẹ kú ìjókòó o!" Bí wọ́n bá ti kọjá, yóò yíjú sí ẹni tó bá wà nítòsí, yóò ní, "Mo mọ àpá tó wà ní ìpàkọ́ ìyẹn. Kì í ṣe abẹ mi o. Orí igi máńgòrò ló ti já bọ́."

Nítorí náà, nígbà tí Àmírà, ìyàwó Hàkímù, bí ìbejì, tí méjèèjì jẹ́ ọkùnrin, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹni tí yóò fá orí wọn ní ọjọ́ ìkómọ. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè. Hàkímù fúnra rẹ̀ ló béèrè, ọmọkùnrin Búrẹ́mọ̀ tí í ṣe akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀. Inú yàrá ìyá rẹ̀ ló ti béèrè, ó rò pé bàbá òun kò lè gbọ́.

"Màmá, ta ni yóò fá orí àwọn ọmọ yìí?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?" ni Rùkáyyàh fi dá a lóhùn. "Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Ẹ wo ọwọ́ Bàbá, Màmá. Ẹ wò ó kí ẹ tó dá mi lóhùn."

Búrẹ́mọ̀, tó jókòó síta lábẹ́ fèrèsé yàrá náà, wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ni wọ́n pàṣẹ fún. Ọwọ́ ọ̀tún náà wà lórí itan rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Àtàǹpàkò ń yí lára ìka tó tẹ̀ lé e, ó ń yí láìdúró, bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má baà dí i lọ́wọ́ àdúrà.

Àìsàn náà kò ti ibi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Imú ló kọ́kọ́ gbà. Lọ́jọ́ kan, Rùkáyyàh se ọbẹ̀ ìlasa, ó fi irú sí i dáadáa, Búrẹ́mọ̀ sì ní kò gbọ́ òórùn irú níbẹ̀. Rùkáyyàh bínú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ìwé kíkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sùnkì. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni Búrẹ́mọ̀ ti kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ, lẹ́yìn tó ti di bàbá ọmọ méjì, ó sì máa ń kọ ọ́ gàdàgbà gadagba kí gbogbo ayé lè rí i. Nígbà tó yá, orúkọ náà wá ń kéré bí ó ti ń lọ sí òpin, bí eèrà tó tò wọ inú ihò. Lẹ́yìn ìwé ni ojú. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Inú rẹ̀ lè dùn títí, ojú kò ní gbé e jáde. Àwọn ará àdúgbò ní ìgbéraga ti wọ Bàbá Aliyyah lẹ́wù. Ọwọ́ ló gbẹ̀yìn, ọwọ́ sì ni kò ṣe é fi pamọ́.

Búrẹ́mọ̀ kì í gbàgbé ìyà. Ó rántí ọdún tí sòbìà dá àwọn ará Ìdèrè dùbúlẹ̀, nígbà tí òun jẹ́ ọ̀dọ́, tó ń dáko lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Aràn náà yọ jáde ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gúsí tó kíká. Ẹ̀gúsí náà jẹrà sóko. Wọ́n bímọ ní ilé kejì, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é fún ọjọ́ ìkómọ. Ó fi okùn so àpò abẹ kọ́rùn, ó sì fi ìdí wọ́ láti ilé kan dé ìkejì, ó fá orí ọmọ náà, ó tún fi ìdí wọ́ padà. Ó rántí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó rántí ẹni tó bomi fún un. Bí wọ́n bá dárúkọ Ìdèrè níwájú rẹ̀, ohun tó máa ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: "Sòbìà gba ẹ̀gúsí lọ́wọ́ mi. Kò gba abẹ."

Aliyyah, ọmọbìnrin rẹ̀ tí ń ṣe olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Dókítà Adéníran ní kó máa fi ìka kan ìka, kó máa rìn lọ kó máa rìn bọ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó wo ìwé náà tán, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Búrẹ́mọ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ẹ̀rù kọ́, Dókítà. Ìtìjú ni."

"Ẹ gbọ́ mi. Nínú ọpọlọ, ibì kékeré kan wà tí oje kan ti ń sun. Dopamíìnì là ń pè é. Òun ni ìránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé abẹ, òun ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fẹ́ dá ọwọ́ dúró, òun náà ni. Ẹ̀rín tó ń bọ́ sójú láìjẹ́ pé ẹ pè é, ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nínú orí tiyín, oje náà ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Àìsàn náà ń jẹ́ Pákínsìn."

"Bí omi kànga nígbà ọyẹ́," ni Búrẹ́mọ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Ṣé ẹ lè bá wa gbẹ́ kànga náà jìn sí i?"

Dókítà mi orí. "A ò tíì mọ ọ̀nà tí a fi ń gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n a lè máa pọnmi dà sí i. Oògùn tí mo fẹ́ fún yín yìí, bó bá dé inú ọpọlọ, á di dopamíìnì níbẹ̀. Omi àpọ́ndà ni o. Ó ń tán, ẹ ó sì tún pọn òmíràn. Ẹ fi omi lásán lò ó, kó tó kan oúnjẹ. Ẹ má fi ẹran lò ó, tàbí ẹja, tàbí ẹyin, tàbí wàrà, àti àwọn oúnjẹ tó bá fara jọ wọ́n. Wọn kì í jẹ́ kó ráyè wọlé."

Nígbà tí wọ́n délé, Rùkáyyàh gba ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yé e. Ẹran kúrò nínú abọ́ ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, ẹja kúrò, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri kò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn da oògùn òyìnbó sínú ikùn òfìfo, ìyẹn kò bá a lára mu, nítorí náà ó máa ń fún un ní ògì gbígbóná kó tó gbé oògùn náà mì. Ògì kò di oògùn lọ́nà. Kò pẹ́ tí Búrẹ́mọ̀ fi jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tó de gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Rùkáyyàh rí i, ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún. Búrẹ́mọ̀ tú àwọn bọ́tìnnì náà, ó tún wọn dè.

"Kí lẹ tún ń tú u fún?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èèṣì ni."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà, tí ọwọ́ dára, tí abẹ tún padà sẹ́nu iṣẹ́, títí àwọn ìbejì fi dé.

Ní ilé tí ìbejì bá wọ̀ sí, ẹ̀wà kì í kúrò lórí iná. Láti ọjọ́ tí Àmírà ti bímọ ni ìkòkò ńlá ti ń hó lẹ́yìnkùlé, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń mú abọ́ wá, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀wà olépo, tí wọ́n sì ń kí àwọn àlejò kékeré náà. Búrẹ́mọ̀ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ Kẹ́hìndé. Ta ni ẹ̀wà tọ́ sí bí kò ṣe òun? Abọ́ àkọ́bù jẹ́ tirẹ̀ láàárọ̀, abọ́ mìíràn jẹ́ tirẹ̀ lọ́sàn-án. Rùkáyyàh gbé ògì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ fi ẹ̀wà gbé oògùn yín mì, Bàbá Aliyyah. Kò sí ẹran níbẹ̀, kò sí ẹja. Ẹ̀wà ìbejì ni, ó fẹ́ràn yín." Ó sì fi ìfẹ́ bù ú kún.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n padà. Èjìká rẹ̀ le bí igi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Oògùn kan náà ni, àsìkò kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ẹni ń da omi sórí àpáta ni.

Ìdí nìyẹn tí Hàkímù fi béèrè ohun tó béèrè.

Búrẹ́mọ̀ dìde lábẹ́ fèrèsé, ó rọra lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí igi ìbẹ́pẹ wà. Igi yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ agbo ilé Onígbàjámọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ abẹ, orí ìbẹ́pẹ tútù ló ti ń kọ́ ọ. Wọn á fi ìhó ọṣẹ kun èso náà, akẹ́kọ̀ọ́ á sì fá ọṣẹ náà kúrò lára rẹ̀. Èèpo ìbẹ́pẹ tútù kò nípọn, bí abẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ pẹ́ẹ́, oje funfun á yọ. Ìbẹ́pẹ tó bá sunkún ti sọ tẹnu rẹ̀: ọwọ́ yìí kò tíì tó orí ọmọ kàn. Nígbà èwe Hàkímù, gbogbo ìbẹ́pẹ rẹ̀ ló ń sunkún, ìyẹn ló gbé e lọ sídìí ìwé.

Búrẹ́mọ̀ já ìbẹ́pẹ kan, ó fi ọṣẹ kùn ún, ó gbé abẹ. Ìlà àkọ́kọ́ kò burú. Ní ìlà kejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójijì bí ẹni rí ejò, nígbà tó sì tún gbéra, ó gbéra jù. Oje yọ. Ó gbé ìbẹ́pẹ náà sílẹ̀, ó yíjú sí ògiri.

Aliyyah ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mú ìbẹ́pẹ náà, ó yí i síbi tí ọṣẹ ṣì wà, ó gbé abẹ tí bàbá rẹ̀ gbé sílẹ̀, ó sì fá ìyókù. Ó rò pé bàbá òun kò wo òun. Ṣùgbọ́n gíláàsì fèrèsé yàrá wà níwájú Búrẹ́mọ̀, ó sì rí gbogbo rẹ̀ nínú rẹ̀. Apá tí Aliyyah fá kò sun oje kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́, Japheth wá. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun tó wà ní òdìkejì títì, tó ń fi ẹ̀rọ oníná gẹ irun fún àwọn ọ̀dọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Búrẹ́mọ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Bàbá, tẹ̀sùbáà yìí ti pọ̀ jù o. Bí ẹ bá ti ń fà á báyìí, ẹ rántí Japheth náà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ."

"Orúkọ tìrẹ ni mo ti ń pè láti àárọ̀," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Ọlọ́run ní òun kò mọ̀ ọ́n."

Japheth rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. "Bàbá, Hàkímù wá bá mi. Ó ní kí n wá fá orí àwọn ìbejì. Mo ní kó fún mi láàyè kí n wá gba àṣẹ lọ́wọ́ yín ná. Bí ẹ bá ní kí n má wá, mi ò ní wá. Ẹ̀yin lẹ fá orí tèmi."

"Ẹ̀rọ rẹ ń pariwo," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Á jí wọn."

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Wá ní ọjọ́ náà. Jókòó láàárín àwọn ènìyàn. Bí abẹ mi bá kọ̀, èmi fúnra mi ni n ó pè ọ́."

Lẹ́yìn tí Japheth lọ, Búrẹ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kì í gbàgbé ìyà mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wọlé. Ó rántí pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti dé, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọwọ́ òun fi dára. Ọjọ́ wo? Ọjọ́ tó lọ kí olóòkú ní Ìdèrè ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ọlọ́kadà fi dé, wọn kò tíì sọ ẹ̀wà kalẹ̀, omi lásán ló fi gbé oògùn mì. Iṣu sísun ni wọ́n fún un ní Ìdèrè. Gbogbo ọjọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọwọ́ ọmọdé. Ìgbà tó padà délé, tí Rùkáyyàh gbé abọ́ wá fún un, tó sì fi lo oògùn ọ̀sán tó pẹ́, ni gbígbọ̀n náà dé.

Ó pe Aliyyah. "Pe nọ́ọ̀sì Ìbàdàn yẹn fún mi."

Nọ́ọ̀sì Tinúkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, òun ló máa ń bá Dókítà Adéníran tọ́jú àwọn aláìsàn bíi ti Búrẹ́mọ̀. Aliyyah jẹ́ kí ohùn fóònù náà jáde síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Nọ́ọ̀sì. Bàbá ní kí n béèrè bóyá ẹ̀wà wà lára oúnjẹ tí wọn kò gbọdọ̀ fi lo oògùn wọn."

"Ẹ̀wà kẹ̀?" Ohùn nọ́ọ̀sì lọ sókè. "Ẹ̀wà ni àgbà wọn! Ṣé wọ́n ń fi ẹ̀wà lò ó ni?"

"Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, Mà. Ilé ìbejì la wà."

"Áà! Ẹ̀yin ará Ìgbó-Ọrà!" Ó rẹ́rìn-ín, ó tún dákẹ́. "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Nígbà tí ẹ̀wà bá dà nínú yín, ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń mú ara dàgbà, ẹnu ọ̀nà kan náà lòun àti oògùn yín ń bá wọ inú ọpọlọ. Ẹnu ọ̀nà náà kò fẹ̀. Bí ẹ̀wà bá ti kún ibẹ̀ bí èrò inú ọjà, oògùn á dúró síta títí agbára rẹ̀ á fi tán. Ẹ lè jẹ ẹ̀wà yín o. Ẹ jẹ ẹ́ lálẹ́, nígbà tí ẹ ò ní iṣẹ́ ọwọ́ ṣe mọ́."

Rùkáyyàh, tó ti ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà, jókòó pẹ̀sẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀wà ìbejì? Kó wá pa ìbejì lára? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bù ú o!"

"Kò pa mí lára," ni Búrẹ́mọ̀ sọ fún un. "Ó kàn ṣáájú oògùn dé ẹnu ọ̀nà ni. Ìwọ lo bù ú dáadáa jù."

Ó bi nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè kan sí i. Ó sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọwọ́ náà ṣe. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn:

"Bàbá, mi ò ní tàn yín. Oògùn lè ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, ó sì lè fi yín sílẹ̀ láìdágbére. Ẹ má fi agídí bá a ṣe é. Ohun tí ọwọ́ yín bá sọ fún yín, ẹ gbọ́ tirẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, Búrẹ́mọ̀ kírun Ṣúbúhì tán, ó fi omi lásán gbé oògùn rẹ̀ mì, ó sì jókòó jẹ́jẹ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi máa pé sábẹ́ àtíbàbà, ọwọ́ rẹ̀ ti dákẹ́ lórí itan. Àáfà ti jókòó. Japheth wà lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, kò mú ẹ̀rọ rẹ̀ jáde nínú àpò. Hàkímù dúró, kò lè jókòó.

Àṣà ilé náà ni pé ẹni tí yóò bá fá orí ìbejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ẹ̀wà wọn wò, kó tó fọwọ́ kan orí wọn. Ìyá Dàda, tó dàgbà jù nínú gbogbo obìnrin ilé, ló gbé abọ́ náà wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Kẹ́hìndé, ẹ̀wà rẹ rèé. Jẹ ẹ́, kí orí wọn lè gbà ọ́."

"Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Ẹ bá mi gbé e síbẹ̀ yẹn. Bí mo bá ṣe iṣẹ́ mi tán, n ó jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ abọ́."

Ariwo sọ lábẹ́ àtíbàbà. Ìyá Dàda kò sọ abọ́ kalẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kọ ẹ̀wà ìbejì ni? Ìwọ tí o jẹ́ ìbejì? Bàbá rẹ kò dán irú ẹ̀ wò!"

"Bàbá mi kò ní irú àìsàn tí mo ní." Búrẹ́mọ̀ sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Kò tíì sọ ọ́ níta rí. "Oje kan ti gbẹ nínú ọpọlọ mi, Ìyá wa. Oògùn ni mo fi ń pọn ọ́n. Ẹ̀wà àti oògùn náà kì í gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé kí wọ́n má jà. Lónìí, oògùn ni kó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀wà jẹ́ onílé, ó lè dúró de àlejò."

Ìyá Dàda wò ó títí. Níkẹyìn ó jókòó tì í, ó gbé abọ́ náà lé itan ara rẹ̀. "N ó bá ọ dì í mú," ló wí. "Kó má baà tutù."

Hàkímù sún mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Orí ọmọ ni. Kì í ṣe pé mi ò..."

"Mo mọ̀," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Ì bá dùn mí bí ẹ̀rù kò bá bà ọ́. Lọ já ìbẹ́pẹ kan wá. Ìwọ fúnra rẹ ni kó yàn án."

Hàkímù mú ìbẹ́pẹ wá, èyí tó kéré, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Búrẹ́mọ̀ fi ọṣẹ kùn ún. Ó gbé abẹ. Èèkù abẹ náà ti ọwọ́ bàbá rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ojú abẹ tuntun ló ń fi sí i fún orí kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí àwọn elétò ìlera ti kìlọ̀. Ó fá ìbẹ́pẹ náà láti ìdí dé orí, ìlà lórí ìlà, kò yára, kò dúró. Ọṣẹ kúrò pátápátá. Ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Wò ó. Fi ọwọ́ pa á."

Hàkímù fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yíká. Ó yí i sí oòrùn. Kò rí oje. Ó wọlé lọ, òun alára ló gbé Táíwò jáde.

Aliyyah jókòó, ó di orí ọmọ náà mú bí ó ti ń di ti gbogbo ọmọ agbo ilé mú láti ìgbà ọmọdébìnrin. Búrẹ́mọ̀ pààrọ̀ ojú abẹ, ó pe Bísímílà. Irun tó rọ̀ bí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ó yí etí ká. Nígbà tó dé àwùjẹ̀, ibi tí orí ọmọ ti ń mí, gbogbo abẹ́ àtíbàbà dákẹ́, débi pé wọ́n ń gbọ́ ohùn abẹ. Ó gba orí rẹ̀ kọjá bí atẹ́gùn ti ń gba orí omi kọjá. Ọmọ náà ń sùn. Nígbà tó parí, Táíwò yán lẹ́ẹ̀kan, ó tún sùn padà.

"Allāhu Akbar!" ni Àáfà wí. Rùkáyyàh bú sí orin. Hàkímù nu ojú rẹ̀ nù.

Wọ́n gbé Kẹ́hìndé dé. Búrẹ́mọ̀ mú ojú abẹ tuntun, ó fẹ́ fi í sínú èèkù. Kò wọlé. Ó tún gbìyànjú. Àtàǹpàkò rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, ìyẹ̀ kékeré báyìí tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ṣùgbọ́n òun gbọ́ ohun tí ọwọ́ náà sọ. Omi kànga ti ń lọ sílẹ̀. Ó lè yára. Ó lè sọ ọ́ di ẹ̀rín, kó ní ojú òun ni kò ríran. Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀, orin ìyàwó rẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dá a dúró mọ́.

Ó gbé èèkù náà sílẹ̀. Lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, Japheth na ọrùn, ó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun.

"Aliyyah," ni Búrẹ́mọ̀ wí, "dìde níbẹ̀, kí n jókòó. Wá síbi tèmi."

Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Hàkímù.

"Obìnrin?" ni Ìyá Dàda bẹ̀rẹ̀. "Búrẹ́mọ̀, láti ayébáyé, obìnrin kò..."

"Láti ayébáyé, ta ló ń di orí mú, Ìyá wa? Gbogbo orí tí mo fá, ọwọ́ rẹ̀ ló wà lábẹ́ wọn. Mo rí i pẹ̀lú ìbẹ́pẹ. Kò sunkún fún un." Ó yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀. "Ìwọ rò pé ògiri ni mò ń wò."

Hàkímù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìbẹ́pẹ kò sunkún fún un rí," ló wí. "Láti kékeré. Èmi ni mo máa ń ju tèmi sórí òrùlé kí ẹ má baà rí i."

Ẹ̀rín bú jáde. Aliyyah kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi ojú abẹ sínú èèkù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dún kọ́! Búrẹ́mọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ itan ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì tí àìsàn kò tíì dé gbé orí Kẹ́hìndé kékeré ró, Rùkáyyàh sì gbé ara ọmọ náà lé itan. Aliyyah bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò fún un ní ìmọ̀ràn kankan. Ìgbà tí abẹ fi yí etí ká, tó gun àwùjẹ̀, tó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìpàkọ́, Búrẹ́mọ̀ kò mí. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Orí náà ń dán.

"Hẹn-ẹn," ni Búrẹ́mọ̀ wí. Ìyẹn nìkan ló sọ. Ṣùgbọ́n Rùkáyyàh, tó ti mọ ojú yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, rí i pé igun ẹnu rẹ̀ gbéra díẹ̀.

Lẹ́yìn tí Àáfà ti sọ àwọn ọmọ lórúkọ, Búrẹ́mọ̀ nawọ́ sí Ìyá Dàda. "Ẹ gbé ẹ̀wà mi wá o. Ìlérí ni."

Ìyá àgbà náà gbé e fún un, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ ọ̀tún Búrẹ́mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kíkankíkan, ṣíbí ń lu etí abọ́, ẹ̀wà ń bọ́ sílẹ̀, àwọn adìyẹ ń ṣà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò fi ọwọ́ náà pamọ́. Ó jókòó sáàárín gbogbo wọn, ó ń jẹun, ó na àyà.

"Bàbá," ni Japheth ké láti ẹ̀yìn, "ẹ̀wà ń já bọ́ o!"

"Jẹ́ kó já bọ́," ni Búrẹ́mọ̀ dá a lóhùn, ó sì tún bu ṣíbí mìíràn. "Ṣé ẹ̀wà ni wọ́n ní kí n fi fá orí ni?"